Ojú Tí Wijdan Yà Sára Aṣọ

"Pa wọ́n rẹ́," ni Seif, ọmọ kíláàsì Wijdan, wí. "Gbogbo wọn pátá. Pa wọ́n rẹ́ kí Alaaji tó dé."

Wijdan kúnlẹ̀ sórí aṣọ funfun kan tó gbòòrò bí àgbàlá. Èédú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fi èédú náà ya obìnrin márùn-ún sára aṣọ, àwọn obìnrin tó tẹ̀ síwájú, tí wọ́n pọn òkúta sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ. Ó gbọ́ ohun tí Seif wí, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni Wijdan máa ń ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá bá a sọ̀rọ̀, yóò kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà ná, bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀.

"Seif, a ti jọ fẹnu kò sí i," ni ó fi ohùn kékeré wí. "Gbogbo kíláàsì ló gbà. A ní níwọ̀n ìgbà tí ilé-ìwé wa ti pé àádọ́rin ọdún, àwọn tó kọ́ ọ la máa yà."

"Ẹni tó kọ́ ọ náà ni mo ní kí o yà! Orúkọ ta ló wà lára òkúta ẹnu géètì? Ṣé kì í ṣe Slimen ni?"

Nawres, ọ̀rẹ́ Wijdan, ń po ọ̀dà nínú korobá nígun ilé. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Baba kan ṣoṣo ló ru gbogbo òkúta yẹn? Ó mà lágbára o! Ẹ̀yìn rẹ̀ ò sì kán?"

"Nawres, má tíì bẹ̀rẹ̀. Ta ló fún wa láṣọ? Ta ló fún wa ní ọ̀dà? Ilé ta la jókòó sí yìí? Lọ́dún tó kọjá, aṣọ tí kíláàsì Lítíréṣọ̀ tó ṣáájú wa gbé kọ́ kò tó fèrèsé méjì bò. Àwọn Sáyẹ́ǹsì ń bi wọ́n bóyá tówẹ́ẹ̀lì ni. Ṣé ohun tí o fẹ́ kí wọ́n ṣe fún àwa náà nìyẹn?"

Ilé tí wọ́n wà, ilé ìfún-òróró ólífì Alaaji Mokhtar ni, Slimen tí wọ́n sì ń sọ, bàbá bàbá Alaaji ni. Ní ìlú Borj Lella, ọjọ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì ìkẹyìn bá fẹ́ ṣe ìdánwò eré ìdárayá ni ọjọ́ ìwọlé wọn, dakhla. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan yóò ya àwòrán sára aṣọ ńlá, yóò tú u sílẹ̀ láti orí òrùlé ilé-ìwé, pẹ̀lú ìlù àti orin àti èéfín aláràbarà. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni kí ojú mìíràn rí aṣọ náà kí ọjọ́ tó pé. Òbí kò gbọ́dọ̀ rí i, olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ rí i. Ẹni tó bá tú àṣírí náà, ọ̀dàlẹ̀ ni títí láé.

Alaaji Mokhtar wọlé láìkan ilẹ̀kùn, bí ẹni pé èèwọ̀ náà kò kan òun. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Kì í pariwo. Àwọn èèyàn ìlú tilẹ̀ máa ń sọ pé bí ohùn Alaaji bá ti ń lọ sílẹ̀ ni kí èèyàn túbọ̀ máa fetí sílẹ̀.

"Ìwọ ni ọmọ tó lọ́wọ́ yẹn?" ló bi Wijdan.

"Èmi ni, Alaaji. Ẹ káàbọ̀, sà."

"Seif ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Tunis lo fẹ́ lọ. Ó dára. Ó dára gan-an. Níbo lo máa gbé?"

Wijdan wolẹ̀. Ìbéèrè yẹn gan-an ni wọn kì í jẹ́ kí ó dé ìdí oúnjẹ nílé wọn. Àgùntàn olówó ni bàbá rẹ̀ ń dà. Bàbá ti sọ tirẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan: bí ibùgbé bá wà, kó lọ, bí kò bá sí, kó jókòó.

"Ọmọ mi, Salwa, ní yàrá kan tó ṣófo nílé rẹ̀," ni Alaaji wí. "Ẹsẹ̀ ni wàá máa fi rìn dé ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ tó bá mọ oore, oore kì í jìnnà sí i." Ó yọ fọ́tò àtijọ́ kan lápò, fọ́tò ọkùnrin kan tó wọ agbádá onírun àgùntàn, tó dé fìlà pupa, tó na irùngbọ̀n síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra fi í lélẹ̀ lórí aṣọ. Orí ojú obìnrin tó wà láàárín ni fọ́tò náà bọ́ sí. "Bàbá mi àgbà nìyí. Kí o ṣe irùngbọ̀n rẹ̀ dáadáa."

Nígbà tí ó lọ tán, Nawres wo Wijdan. Wijdan kò wo Nawres. Ó mú àkísà, ó rì í bọ omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nù. Obìnrin àkọ́kọ́ lọ. Ìkejì lọ. Nígbà tí ó kan obìnrin tó wà láàárín, ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀, nítorí ojú ìyá bàbá rẹ̀ ni ó yà síbẹ̀, imú rẹ̀, àpá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Ó tún wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹnì kankan. Ó nù ún.

Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Wijdan kò tíì jẹ nǹkan kan, ojú ti ń tì í.

Màmá Àgbà Mabruka wà nídìí ààrò amọ̀ nígbà tí ó délé, ó ń lẹ búrẹ́dì mọ́ ara ààrò bí ẹni ń gbá ọmọ létí. Kò gbójú sókè.

"Ọ̀dà wà létí rẹ."

Wijdan fọwọ́ nu etí. "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá Àgbà. Iṣẹ́ ìwọlé wa ni. Àṣírí ni."

"Ṣé mo bi ọ́ ni? Mo mọ̀ pé àṣírí ni. Àmọ́ láti oṣù tó kọjá lo ti ń wo imú mi bí ẹni fẹ́ ra màlúù." Ìyá arúgbó rẹ́rìn-ín, ó yọ búrẹ́dì kan, ó jù ú sí i. "Mo ti sọ fún Tibra àti Zina, àwọn ọ̀rẹ́ mi, pé kí wọ́n fọ aṣọ wọn. Gbogbo wa là ń bọ̀ wá wò ó. Tibra ní kí n kìlọ̀ fún ọ, kí o má ya eyín òun o, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo ní bí òun bá fẹ́ eyín, kó sọ fún ọ kí o yá a ní méjì nínú tìrẹ."

Búrẹ́dì náà gbóná. Wijdan mú un dání, kò lè jẹ ẹ́. "Màmá Àgbà, ẹ má tíì sọ fún àwọn èèyàn. Ẹ ò tíì mọ ohun tó wà níbẹ̀."

"Kí ló tún lè wà níbẹ̀? Ṣé ilé-ìwé yẹn ní ìtàn méjì ni?"

Ìyá arúgbó nu ọwọ́ sára aṣọ. Kò sí ẹni tó bi í, ṣùgbọ́n ó tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, bí ó ti máa ń ṣe. Lọ́dún tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ilé-ìwé gíga jìnnà sí wọn débi pé ọmọ tó bá lọ kì í rántí ọ̀nà ilé mọ́. Ìlú pinnu láti kọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n ibi ìwakùsà ni àwọn ọkùnrin wà, obìnrin ló kù nílé. Agboolé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀. Àwọn obìnrin yóò gun òkè lọ, wọn yóò fi ọ̀já di òkúta mọ́ ẹ̀yìn, wọn yóò sọ̀ kalẹ̀. Mabruka kò tíì ju ọmọdé lọ, òkúta tirẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n ó ń rù ú. Àpá ojú rẹ̀ yẹn, ibẹ̀ ló ti gbà á.

"A bẹ Slimen kó ṣí kànga rẹ̀ fún wa ká lè rí omi po amọ̀. Ó fi ágádágodo ti kànga. Ó ní màlúù òun ló ni omi, kì í ṣe obìnrin aláriwo. Odò ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún la ti ń pọnmi. Nígbà tí ilé dúró tán, ó wọ aṣọ àlà, ó dé, ó gé rìbọ́ọ̀nù. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí òkúta." Ó tún lẹ búrẹ́dì kan mọ́ ààrò. "Èmi náà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba ọmọ wọlé. Wọ́n ní ṣé mo mọ ìwé kà? Mo ní rárá, òkúta ni mo mọ̀ ọ́n rù. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé, mo ń dí ọ̀nà."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Wijdan ì bá la ẹnu. Ì bá ní, Màmá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá. Tàbí kó ní, mo ti pa yín rẹ́. Ṣùgbọ́n yàrá òfìfo ti Tunis náà wà lójú rẹ̀, fèrèsé rẹ̀, tábìlì tí ó ti fi ọkàn rẹ̀ gbé síbẹ̀.

"Àṣírí ni, Màmá Àgbà," ni ó tún wí.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Èèwọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ni ó wá sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi aṣọ yẹn han àgbà kan péré ní Borj Lella yàtọ̀ sí Alaaji, àgbà náà ì bá ti tu itọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n pa àṣírí mọ́ dáadáa. Wọ́n pa irọ́ mọ́ dáadáa.

Ọjọ́ ìwọlé pé. Oòrùn ràn, afẹ́fẹ́ sì rọlẹ̀, ohun tí gbogbo wọn ń gbàdúrà fún. Wọ́n tẹ́ àga sí ẹ̀gbẹ́ pápá fún àwọn àlejò pàtàkì. Alaaji Mokhtar jókòó sí àárín, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́tùn-ún, àwọn ìjòyè ìlú wà lósì. Ọ̀gá Rida, ọ̀gá ilé-ìwé, ń sáré kiri pẹ̀lú gbohùngbohùn bí ìyàwó tuntun. Àwọn òbí dúró lẹ́yìn wáyà. Àwọn ìyá arúgbó náà wà níbẹ̀, nínú aṣọ tí wọ́n fọ̀, wọ́n di wáyà mú.

Àwọn Sáyẹ́ǹsì ló kọ́kọ́ tú tiwọn. Kìnnìún kan ni wọ́n yà, ó wọ awò ojú, ó di ìwé mú. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá arúgbó fi ahọ́n ké igbe ayọ̀, igbe tó gùn tó ń dún gbọ̀ngbọ̀n, èyí tí wọ́n ń ké níbi ìgbéyàwó.

"Tiyín dà?" ni àwọn Sáyẹ́ǹsì ń kígbe sí àwọn Lítíréṣọ̀. "Ṣé tówẹ́ẹ̀lì tún ni?"

Ìlù dún. Èéfín pupa bò wọ́n. Seif kígbe, aṣọ náà sì já wálẹ̀ láti orí òrùlé dé orí fèrèsé ìsàlẹ̀. Ojú Slimen bo ògiri. Irùngbọ̀n rẹ̀ dára. Wijdan ti ṣe é dáadáa, kí a má purọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà: SLIMEN, ẸNI TÓ KỌ́ ILÉ-ÌWÉ WA.

Àwọn tó wà lórí àga pàtẹ́wọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn wáyà kò pàtẹ́wọ́.

"Ta nìyẹn?" ni Tibra bèèrè. Etí rẹ̀ kò gbọ́rọ̀ dáadáa, nítorí náà ńṣe ló ń pariwo.

"Slimen ni," ni Zina dá a lóhùn.

"Slimen wo? Slimen tó ti kànga pa?"

"Òun náà ni. Wọ́n ní òun ló kọ́ ilé-ìwé."

"Kí ló fi kọ́ ọ? Ágádágodo?"

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì yára fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń wo apá ibi tí Alaaji wà. "Ọkùnrin yẹn ò mọ òkúta kankan àfi èyí tó wà lára òrùka rẹ̀," ni Zina tún wí.

Màmá Àgbà Mabruka sún mọ́ wáyà. Ó ń wo aṣọ náà. Ó wò ó láti ọ̀tún lọ sí òsì, ó tún wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó wo gbogbo igun rẹ̀, bí ẹni tó ń wá ọmọ rẹ̀ láàárín èrò. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó fa ìborùn rẹ̀ bo ojú, ó yí padà, ó ń lọ.

"Wijdan!" Ohùn Ọ̀gá Rida ló ń pè é nínú gbohùngbohùn. "Níbo ni akẹ́kọ̀ọ́ wa ọlọ́wọ́ wúrà wà? Máa bọ̀, máa bọ̀, wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Alaaji lórúkọ gbogbo wa."

Seif tì í síwájú. "Lọ! Sọ ọ́ kó dùn o!"

Ó bá ara rẹ̀ níwájú àwọn àga. Alaaji rẹ́rìn-ín sí i. Gbohùngbohùn náà wúwo lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń gbọ́ èémí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ìṣe rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yìn ìyá àgbà rẹ̀ ló rí, ẹ̀yìn tó tẹ̀, tó ń jìnnà lọ lójú ọ̀nà.

"Ẹ kú ìjókòó," ni ó wí. "Èmi... èmi ni mo ya àwòrán yẹn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

"Irọ́ ni."

Àtẹ́wọ́ dákẹ́ lẹ́sẹ̀ kan náà.

"Irọ́ ni mo yà. Àwọn obìnrin ni mo kọ́kọ́ yà. Àwọn tó pọn òkúta wá láti orí òkè. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa wọ́n rẹ́. Wọ́n ní... wọ́n ní wọ́n máa fún mi ní yàrá ní Tunis. Mo sì gbà." Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ti ń gbóná nínú rẹ̀, ó ti kọjá ẹ̀rù. "Slimen kò kọ́ ilé-ìwé yìí. Ó ti kànga rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń kọ́ ọ. Àwọn tó kọ́ ọ wà lẹ́yìn wáyà lọ́hùn-ún. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti dúró síbẹ̀. Kò sí ẹni tó fún wọn ní àga."

Ọ̀gá Rida já gbohùngbohùn gbà. Alaaji Mokhtar dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, kò bínú lójú, kò pariwo. Ó kàn sọ̀rọ̀ kan sí ọ̀gá ilé-ìwé létí, ó jáde. Àwọn tó jókòó tì í tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló rán ọ?" Ọ̀gá Rida na ìka sí i. "Ta ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí? Ẹgbẹ́ wo lo wà?"

"Mi ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, sà."

"O wà níbẹ̀! O ò lè ṣàìsí níbẹ̀! O dójú ti ilé-ìwé níwájú àlejò. Bọ́ aṣọ eré yẹn. O ò ní wọ pápá lónìí."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí Wijdan lára bí omi tútù. Ẹni tí kò bá wọ pápá lọ́jọ́ yẹn, òdo ni wọn yóò kọ fún un, òdo yẹn yóò sì fa gbogbo ìdánwò àṣejáde rẹ̀ sẹ́yìn débi pé ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kò ní wo apá ibi tí ó wà. Yàrá ti lọ. Ìdánwò náà ti fẹ́ tẹ̀ lé e.

Seif wá dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú omijé lójú. "Ọ̀dàlẹ̀ ni ọ́! Ìwọlé gbogbo wa lo bàjẹ́! Bí o bá fẹ́ sọ òtítọ́, ṣé kò sí ọjọ́ mìíràn ni?"

"Ọjọ́ wo?" ni Nawres dá a lóhùn. "Àbí kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ lẹ́yìn tó o bá ti gbé ìyàwó?" Ó wá dúró ti Wijdan. Òun nìkan ló dúró tì í. Àwọn yòókù yẹra bí ẹni pé àìsàn rẹ̀ ń ràn.

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́. Ẹ wo àgbàlagbà ọkùnrin, ọ̀gá ilé-ìwé, tó kàwé, tó mọ̀wé, tí ó ń wá ẹni tó wà lẹ́yìn ọmọbìnrin tó sọ òtítọ́. Kò bi ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé ta ló wà lẹ́yìn irọ́.

Gbohùngbohùn ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá Rida, ariwo rẹ̀ sì ti dé ojú ọ̀nà. Màmá Àgbà Mabruka gbọ́. Ó yí padà, ó sì ń bọ̀, kò sáré, ṣùgbọ́n kò dúró. Ọlọ́dẹ na ọwọ́ ní géètì.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ ò lè wọlé. Ìdánwò fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ń dí ọ̀nà."

"Wọ́n ti sọ ìyẹn fún mi rí níbí yìí," ni ìyá arúgbó wí. "Lọ́jọ́ yẹn mo padà sílé. Sún kúrò, ọmọ mi."

Ọlọ́dẹ sún. Kí ni ì bá ṣe? Àwọn yòókù ti wà lẹ́yìn rẹ̀, Tibra, Zina, àwọn mélòó kan tí ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gba ìdí ògiri kọjá, wọ́n wọ pápá, wọ́n sì jókòó sórí ilà tí àwọn ọmọ fẹ́ sá lé. Wọ́n tẹ́ ìborùn wọn sílẹ̀ bí ẹni tó wá fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Ọ̀gá Rida sáré dé. "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má ṣe báyìí. Ẹ dìde, ẹ má dójú ti ilé-ìwé."

"Ojú ha tì í tẹ́lẹ̀?" ni Tibra pariwo. "Bí ọmọ yìí ò bá sá, ẹnì kankan ò ní sá. Ẹ wá gbé wa kúrò. A ti gbé òkúta tó wúwo ju ìwọ lọ."

Obìnrin kan tó dé kéèpù, tó fi fèrè kọ́ ọrùn, wá bá wọn. Olùdánwò ni, láti olú ìlú àgbègbè ló ti wá, kò mọ ẹnì kankan ní Borj Lella. "Ọ̀gá, kí ló dé? Oòrùn ń mú sí i."

"Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ṣẹ̀. Ó bú àlejò wa. Kò ní kópa."

"Ṣé ó ṣe màgòmágó nínú ìdánwò ni?"

"Rárá, ṣùgbọ́n..."

"Ara rẹ̀ ò dá?"

"Ara rẹ̀ dá. Ọ̀rọ̀ tó sọ ni."

"Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ. Gbogbo wa la gbọ́ ọ." Obìnrin náà wo àwọn ìyá arúgbó, ó wo aṣọ tó wà lára ògiri. "Ọ̀gá, mi ò lágbára lórí ilé-ìwé yín. Àmọ́ bí ẹ bá ní kí n lé e, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, kí ẹ fọwọ́ sí i. Kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ pé ọmọ náà sọ ẹni tó kọ́ ilé-ìwé. Èmi á gbé e fún àwọn tó rán mi bí ẹ bá ṣe kọ ọ́ gan-an."

Ọ̀gá Rida wo àwọn àga. Gbogbo wọn ti ṣófo. Ó jọ pé ìgbà yẹn ni ó tó rí i pé òun nìkan ló kù sídìí ọ̀rọ̀ náà, àwọn tó ní in ti lọ sílé. Ó fọwọ́ júwe pápá láìwo ẹnikẹ́ni. "Kó lọ sá a," ni ó wí. "Kó sá a, kó máa lọ."

Àwọn ìyá arúgbó dìde, wọ́n ń di ara wọn mú. Fèrè dún. Wijdan kì í ṣe sárésáré rárá, omijé sì bò ó lójú tí kò fi rí ilà dáadáa. Òun ló gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń bọ̀ lọ́nà ìparí, igbe ayọ̀ tí àwọn ìyá náà kò ké fún aṣọ Slimen, wọ́n ké e fún un. Àwọn Sáyẹ́ǹsì tilẹ̀ bá wọn pàtẹ́wọ́.

Ó lọ bá Màmá Àgbà níbi tí ó jókòó sí lábẹ́ òjìji ògiri. Ó kúnlẹ̀. "Màmá Àgbà, ẹ má bínú. Ẹ dárí jì mí."

Ìyá arúgbó fi ìborùn nu ojú rẹ̀ fún un, kò nù ún jẹ́jẹ́. "Ohun méjì lo ṣe. O pa mí rẹ́, o sì tún pè mí padà níwájú ìlú. Àwọn èèyàn á máa rántí ìkejì. Èmi máa rántí méjèèjì." Ó tú u sílẹ̀. "Dìde. Orúnkún rẹ ń dọ̀tí."

Kò rọrùn lẹ́yìn náà. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó rọrùn. Alaaji kò fún ilé-ìwé ní nǹkan kan mọ́, ìkòkò ọ̀dà tó ṣẹ́ kù, ó rán ènìyàn wá kó o. Ọ̀gá Rida ní kí wọ́n ká aṣọ náà kúrò, kò sì sọ̀rọ̀ sí Wijdan títí ọmọ náà fi jáde ilé-ìwé. Seif kò bá a sọ̀rọ̀ títí ìdánwò fi parí. Bàbá rẹ̀ bú u lálẹ́ ọjọ́ yẹn nítorí yàrá Tunis, ó bú u gan-an, ó wá dákẹ́, ó ní, "Ṣùgbọ́n ìyá mi ni wọ́n pa rẹ́," ó sì jáde lọ sídìí àgùntàn. Wijdan yege, kò yege gíga. Hósítẹ́ẹ̀lì ìjọba ni ó gbé ní Tunis, òun àti àwọn ọmọbìnrin márùn-ún nínú yàrá kan, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Kò dùn ún.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ kíláàsì ìkẹyìn kò gba aṣọ lọ́wọ́ olówó kankan. Àwọn ìyá arúgbó ló mú ìborùn wọn wá, wọ́n rán an pọ̀. Àwọn ọmọ náà fi í han àwọn ìyá ná kí wọ́n tó gbé e kọ́, èèwọ̀ tàbí kò sí èèwọ̀. Tibra rí i pé wọ́n ya eyín fún òun, ó sì bínú.

Orúkọ Slimen ṣì wà lára òkúta ẹnu géètì títí di òní. Ẹ kọjá níbẹ̀, ẹ ó rí i. Òkúta tí wọ́n kọ ọ́ sí pàápàá, ẹ̀yìn obìnrin ló gbé e wá.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra òtítọ́ lọ́wọ́ yín kò ní wá pẹ̀lú ariwo. Yóò wá jẹ́jẹ́, yóò mú ohun tí ẹ nílò jù lọ́wọ́ wá. Ẹ̀rù lè bà yín. Ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín pa àwọn tó gbé yín dé ibi tí ẹ wà rẹ́. Bí ẹ bá sì ti pa wọ́n rẹ́, ẹ yára dìde ní gbangba, kí ẹ dá orúkọ wọn padà fún wọn, kí wọ́n tó yí ẹ̀yìn sí yín lọ.